Ìkáwọ́ Kíláàsì

Rúlà onírin ń lu orí tábìlì, kọ̀, kọ̀, kọ̀, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́rìndínlógún sì ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń tẹ gbogbo wọn. Bí rúlà bá ró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà kan. Bó bá dákẹ́, gbogbo ìka á dúró sókè bí ẹyẹ tó rí ìbọn.

"Ojú lókè!" ni Ìyá Kíláàsì ń wí bó ti ń lu rúlà. "Ẹ má wo ọwọ́. Ṣé ẹ máa ń wo ẹnu yín tẹ́ ẹ bá ń jẹun ni?"

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìka kankan ò ṣìnà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìwé títẹ̀ nìyẹn: afọ́jú ni ọwọ́, etí ló ń fà á rìn. Kọ̀ǹpútà ti kún ayé, ṣùgbọ́n ìwé ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé yìí kò tíì gbọ́. Ẹ̀rọ tó dàgbà ju ìyá àwọn ọmọ náà lọ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, òmíràn ò sì ní eyín mọ́ ju eyín arúgbó lọ.

Ní ẹ̀yìn kíláàsì, lórí àga tìmùtìmù tí wọ́n gbé wá láti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ni alábòójútó jókòó sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò ló ti wá, láti wo bí Ìyá Kíláàsì ṣe ń kọ́ni, kó sì fún un ní máàkì. Fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀, bírò pupa wà láàrin ìka rẹ̀ bí ẹni mú ẹ̀gún dání. Bàbá Bírò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, wọn a sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kíláàsì náà, oyè àwàdà ni. Ẹni ogójì ọdún ni, láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò sí èyí tó ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ nínú wọn. Òógùn ti bo imú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ rúlà dúró. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ: Olúwa, ó ku ìlà méjì. Olúwa, ìlà méjì péré.

Agogo kan dún.

Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní agogo kékeré kan nínú, tó máa ń dún bí ìlà bá fẹ́ẹ́ pin. Bí kíláàsì bá ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, agogo mẹ́rìndínlógún á dún bí ẹyọ kan. Èyí dá dún ni. Kí àwọn tó kù tó débẹ̀, ó ti dún lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìlà kejì, lẹ́bàá fèrèsé, ìró kan ń bọ̀ tí kò bá rúlà kankan rìn, wàrà-wàrà, bí òjò tó já lu òrùlé páànù lójijì.

Ìka Òjò ni. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn nítorí ìró yìí gan-an. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni, ọmọ alágbàfọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Ìyá Kíláàsì ti wà ní ilé-ìwé yìí fún ìdánrawò ìkọ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ki ọmọ náà bó bá ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ: "Ìka Òjò! A-sáré-lórí-irin-má-fẹsẹ̀kọ! Ọmọ tó ń tẹ lẹ́tà kí lẹ́tà tó gbọ́ pé wọ́n ń pe òun!" Òun náà ló sọ fún un lọ́jọ́ kan tí kíláàsì ti túká pé, "Bí ọwọ́ rẹ bá ti yá ju rúlà mi lọ, má dúró dè é mọ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni rúlà. Ẹni tó bá lè sáré, kó ju ọ̀pá nù."

Ọmọ náà ò gbàgbé. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé òní ni wọ́n wá wo Àǹtí wọn, Ìka Òjò sì ti pinnu láti àná pé òun máa fi ọwọ́ òun ran Àǹtí lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ò sí lára ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ wà lára Ìyá Kíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Fọ́ọ̀mù tó wà lórí itan Bàbá Bírò ní orí márùn-ún. Ìmọ̀ iṣẹ́, ètò ẹ̀kọ́, ohun èlò, ìmúra: nínú ìwọ̀nyí, Ìyá Kíláàsì ń gba tirẹ̀ láìlàágùn. Orí karùn-ún ni wàhálà. Ìkáwọ́ Kíláàsì ni wọ́n kọ síbẹ̀, ogún máàkì, àkíyèsí kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí kò bá gba mẹ́wàá níbẹ̀ ti fìdí rẹmi nínú gbogbo rẹ̀, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì. Ní ọdún àkọ́kọ́, Bàbá Bírò fún un ní mẹ́fà, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ó ń bẹ àwọn ọmọ." Ní ọdún kejì, mẹ́jọ: "Àwọn ọmọ kò bẹ̀rù rẹ̀." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rè é. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Kì í ṣe pé Bàbá Bírò ò kọ́ wọn. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi ara wọn dánra wò, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan á ṣe olùkọ́, tí àwọn tó kù á ṣe bí ọmọ iléèwé, ó ti fi ohun tó ń jẹ́ ìkáwọ́ hàn wọ́n rí. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ dìde, ó sì fi rúlà gbá a lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kan fi já bọ́ sórí ìwé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ló kàn. "Kíláàsì, ẹ̀rọ ni," ni Bàbá Bírò wí bó ṣe ń fi áńkáṣíìfù nu rúlà rẹ̀. "Ta ló ń bẹ ẹ̀rọ?" Ó fi ìka kan àpá kan tó là á lókè ojú òsì. "Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ṣé mo kú ni?" Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ti Bàbá Bírò tilẹ̀ kúrò lájà. Ọwọ́ ló wà.

Bó bá jẹ́ tara rẹ̀ nìkan ni, Ìyá Kíláàsì ì bá ti di ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n opó ni. Ọdún kẹrin rè é tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kí yẹ̀pẹ̀ ibojì tó gbẹ ni àbúrò ọkọ ti kó ọmọ méjèèjì, obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún, ọkùnrin ọmọ ọdún méjì nígbà náà, lọ sí ilé ara rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin náà ti fọ́ ọ létí, tó sì tì í ṣubú lórí àtẹ̀gùn lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ìpinnu wọn kò gùn: "Obìnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi tọ́ ọmọ wa? Ọjọ́ tó bá mú lẹ́tà iṣẹ́ ìjọba wá, kó wá kó wọn."

Oṣù tó kọjá ló lọ wò wọ́n kẹ́yìn. Ó gbé aṣọ ọmọkùnrin náà sókè kó lè fi ìpara pa á lára, ó sì rí ojú wáyà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta tó ti jinná, méjì tó ṣì ń ṣomi.

"Mo ṣubú ni," ni ọmọ náà wí, kí ìyá rẹ̀ tó béèrè.

Ìdí nìyẹn tí ìlà méjì fi ṣe pàtàkì.

Bàbá Bírò dìde. Bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò lórí símẹ́ǹtì bó ti ń bọ̀ láàrin àwọn tábìlì, kò sì yára. Ó dúró lẹ́yìn Ìka Òjò, ó nawọ́, ó fa ìwé yọ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, kr-r-r. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò.

"Ta ló ní kí o máa sáré?"

Ìka Òjò dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn. "Àǹtí ni, sà. Àǹtí ní bí ọwọ́ mi bá ti yá ju rúlà lọ, kí n má dúró dè é."

Ó fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó rò pé máàkì lòun ń wá fún Àǹtí òun.

Bàbá Bírò yíjú padà. "Ìyá Kíláàsì. Ṣé lóòótọ́ ni? Ìwọ lo kọ́ wọn pé kí kálukú máa tẹ tiẹ̀?"

Bírò pupa ti wà lórí fọ́ọ̀mù, lórí orí karùn-ún. Ìyá Kíláàsì rí i níbi tó dúró sí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó sì mọ̀ pé ẹyin méjì ló wà lọ́wọ́ òun, pé ọ̀kan yóò fọ́ dandan. Ó la ẹnu.

"Èmi kọ́, sà."

Ìka Òjò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu. Kò rí ibi tó máa gbé e sí.

"A jẹ́ pé ó purọ́ mọ́ ọ," ni Bàbá Bírò wí jẹ́jẹ́. "Níwájú kíláàsì rẹ. Níwájú èmi. Ó dáa." Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ṣe bí olùkọ́, mò ń wò ọ́. Má sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é o. Ọdún méjì lo ti fi ń bẹ̀bẹ̀."

Ìyá Kíláàsì rìn lọ sí ìlà kejì. Rúlà yẹn gùn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà, kò sì tíì fi kan ara ẹnikẹ́ni rí. Tábìlì ló mọ̀.

"Na ọwọ́ rẹ."

"Àǹtí?"

"Mo ní o na ọwọ́ rẹ!"

Ọmọ náà na ọ̀tún. Èyí àkọ́kọ́ rọ̀ bí ẹni fi ewé gbáni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá Bírò wúkọ́.

"Ṣé ẹ̀fọn lò ń lé ni?"

Ó gbé rúlà sókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tagbára-tagbára. Kọ̀! Nígbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò pète. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ lẹ́tà kan.

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Wọn ò fẹ́ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi kọ́ ọwọ́ wọn pé bí rúlà bá ró, lẹ́tà kan. Ọwọ́ wọn ò sì kọ́ láti béèrè ohun tí rúlà bà lé. Kọ̀! Lẹ́tà kan. Ọmọbìnrin tó wà níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu, kíá ló sì tún dá ọwọ́ padà sórí ẹ̀rọ. Kọ̀! Lẹ́tà kan.

Ojú Bàbá Bírò là. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti ń bójú tó àwọn olùkọ́, kò tíì rí irú èyí. "Ẹ má dúró!" ló wí. "Ẹ máa bá a lọ! Ìlà tó kù!"

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Ìka Òjò kò kọ́kọ́ ké. Ó ń pe orúkọ tó mọ̀, "Àǹtí, Àǹtí, Àǹtí," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jí ẹni tó ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè ti kúrò níbẹ̀. Ìyá Kíláàsì wà lórí àtẹ̀gùn, etí rẹ̀ ń hó. Ó wà lẹ́yìn ọmọkùnrin kan tí omi ń jáde lójú ọgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ tó ti lù ú rí, kò sí èyí tó lè lù padà nínú wọn, àfi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí tó na ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé òun ló ní kó nà án. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀; ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn ló ń ṣubú lé. Nígbà tó fi máa di ìkẹjọ, rúlà ti yí sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú tínínrín ló fi ń lù, kò sì mọ̀.

Ọmọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá Kíláàsì gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin orí ẹ̀rọ, ó lù ú.

Kọ̀! Lẹ́tà kan.

Ó tún lù ú. Èyí ò dún bẹ́ẹ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó dáhùn, nítorí wọn kò kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìró yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán láàrin àwọn lẹ́tà, ó ń wọlé sínú ẹ̀rọ. Ìka Òjò rọra wo ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni wo ohun tí wọ́n gbé wá fún un láti ilé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló ké, igbe náà sì gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Àwọn kan gbé ọmọ náà jáde. Ìyá Kíláàsì tẹ̀lé wọn, gèlè orí ara rẹ̀ ló fi di ọwọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, obìnrin fìrìgbọ̀n kan tó máa ń fi ohùn kan náà kí ènìyàn àti bú ènìyàn.

"Ìwọ níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ mú un lọ sí ọsibítù, mà."

"Wọlé, jókòó. Ìwọ gan-an ni kò gbọdọ̀ mú un lọ." Ó fa ìwé ńlá kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣí i, ó ń kọ ọ́ bó ti ń sọ ọ́: "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé já bọ́ lé e lọ́wọ́ níbi tó ti ń gbé e." Ó gbójú sókè. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àwọn ẹ̀rọ yẹn wúwo. Mo ti kọ̀wé sí ìjọba lórí wọn títí, wọn ò dá mi lóhùn."

Ìyá Kíláàsì jókòó.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Bírò ti kọ fọ́ọ̀mù tán. Ó nà án sí i kó fọwọ́ sí i. Ogún nínú ogún. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa: "Ó ti di olùkọ́." Ìyá Kíláàsì gba bírò, ẹ̀jẹ̀ orí àtàǹpàkò rẹ̀ sì ràn mọ́ bébà níbi tó ti fọwọ́ sí i, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti bírò.

"Ẹ kú oríire," ni Bàbá Bírò wí. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira. Látòní lọ, ẹlẹgbẹ́ ni wá."

Ẹ. Ọdún mẹ́ta ló ti ń pe obìnrin náà ní ìwọ.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ìka méjì ló ti kán, ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e, pé iṣan kan sì ti já níbẹ̀. Dókítà béèrè ohun tó ṣe é. Ọmọ náà wo olùkọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé e, olùkọ́ náà wo àjà. "Ẹ̀rọ ló já bọ́ lé mi," ni Ìka Òjò wí. Wọ́n dì í, wọ́n tú u, ìka méjèèjì sì jinná bí wọ́n ṣe fẹ́: wọ́n ká sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì nà mọ́.

Lẹ́tà iṣẹ́ ìjọba dé nínú oṣù kẹta sí ìgbà yẹn. Ìyá Kíláàsì kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Olúwa, o ṣeun," ó sì dìde kí àdúrà náà má bàa lọ sí ibòmíràn. Ó mú lẹ́tà lọ bá àbúrò ọkọ. Ọkùnrin náà kà á níwájú, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Wọ́n gbà ọ́ lóòótọ́?" ló bi í.

"Wọ́n gbà mí."

"Ó dáa. Ẹ kó ẹrù yín," ló wí fún àwọn ọmọ. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń kọjá lára ìyá rẹ̀, ìyá na ọwọ́ kó fọwọ́ pa á lórí. Ọmọ náà fi apá méjèèjì bo orí rẹ̀, ó sì lọ́ wálẹ̀.

Ilé-ìwé tó ti ṣe ìdánrawò ni wọ́n gbé e sí. Ọ̀gá ilé-ìwé ló béèrè fún un fúnra rẹ̀; ó ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ lòun ń fẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá kan àti ilé ìdáná lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí iléèwé wọlé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó jókòó nínú kíláàsì, ó ń yẹ iṣẹ́ wò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti sùn lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kúulé o, Àǹtí."

Obìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ọṣẹ ti ha ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Kí Ìyá Kíláàsì tó dìde, obìnrin náà ti kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, lórí ilẹ̀ tí eruku ẹfun wà.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò ní í dìde, Àǹtí. Ìyá ọmọ aláìgbọràn ni mí, ilẹ̀ ló yẹ mí." Ó yíjú sẹ́yìn. "Wọlé wá!"

Ìka Òjò wọlé. Ó ga sí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sápò, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú kíláàsì òwò," ni alágbàfọ̀ náà wí. "Wọ́n ní ọmọ tí kò lè tẹ ẹ̀rọ bó ṣe yẹ máa ba èsì iléèwé jẹ́. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n lọ bá Àǹtí rẹ̀ ná, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbínú ló wà ńdìí ẹ̀. Ọmọ yìí dé sílé lọ́jọ́ náà, ó ní Àǹtí lu òun, pé òun ò ṣe nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni! Olùkọ́ tó ń kì ọ́ lójoojúmọ́, tí o fi orúkọ rẹ̀ dí wa létí nílé, ó kàn lè ṣàdédé lù ọ́ ni?" Ó dìde lójijì, ó sì gbá ọmọ náà létí, gbàà! Ọmọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ta jí. "Mo ní kí o kúnlẹ̀! Ṣé èmi nìkan ni mo máa kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Yọ ọwọ́ lápò! Sọ fún wọn. Kí lo ṣe?"

"Mo sáré, mà."

"Kí lo tún ṣe?"

Ìka Òjò wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ẹni ń ka ìwé.

"Mo purọ́ mọ́ Àǹtí."

Ìyá Kíláàsì ti dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni: kò purọ́ mọ́ mi, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé e dé eyín. Ìró ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń tẹ̀ ti dákẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wò ó. Ọmọkùnrin ti rá pálá lọ sábẹ́ tábìlì nítorí ìró àbàrá yẹn, ó fi orí pamọ́ sáàrin orúnkún rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ń kọjá, ó dúró, ó yọjú.

"Ṣé kò sí o?"

Ìyá Kíláàsì wo ọ̀gá ilé-ìwé. Ó wo abẹ́ tábìlì.

"Kò sí, mà."

Ọ̀gá ilé-ìwé mi orí, ó sì ń lọ.

"Àwọn ọmọ yín rè é?" ni alágbàfọ̀ náà wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Wọ́n mà rẹwà o. Ọlọ́run á bá yín wò wọ́n. Kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ ìkà tó wọn. Wọ́n á ṣorí ire, ọwọ́ wọn á máa tó ẹnu wọn." Ó tún kúnlẹ̀. "Àǹtí, àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ ti fi òsì bá a wí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ọ̀tún fà á. Ìka mẹ́jọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lè máa fi mẹ́jọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ ṣáà forí jìn ín."

Ibi tí Ìka Òjò kúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí fèrèsé, oòrùn sì tàn sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó gbé lé itan. Ìyá Kíláàsì kò wo ibẹ̀. Ojú lókè ló dúró, bó ṣe ń kọ́ wọn.

"Mo ti forí jìn ín," ló wí.

"Ẹ ṣé o! Ẹ kú inú rere, Àǹtí, ẹ̀yin náà ò ní í rógun ọmọ!" Alágbàfọ̀ náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé o gbọ́? Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ ṣé, mà."

"Gbóhùn sókè! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ ṣé, mà," ni Ìka Òjò wí, ó gbóhùn sókè, ó sì forí kanlẹ̀.